Yírùnyírùn: Ohun tí Orúkọ Àrùn Kan Kọ́ Wa

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó gbà pé àrùn àwọn ará Òkè Ọya nìkan ni yírùnyírùn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà ọyẹ́ kan nígbà tí mo wà ní ọdún kejì mi. Ẹnì kan nínú àwa tí a jọ ń gbé yàrá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Òkè Ọya. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń bì. A ní ibà ni. A ra oògùn ibà fún un, a ní kí ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá àgbà tí ó ni ilé náà wọlé wá kí i. Ó ní kí ó tẹ orí ba kí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Kò lè tẹ̀ ẹ́. Màmá figbe ta: "Ẹ gbé e, ó di ọsibítù! Yírùnyírùn nìyí!"

Ọ̀rẹ́ wa kò kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́ títí di òní. Màmá kò ka ìwé ìṣègùn kankan. Orúkọ àrùn náà ni ó mọ̀, orúkọ náà ni ó sì sọ ohun tí ó yẹ kí ó wò fún un. Èyí ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Orúkọ náà

Inú àpólà ìṣe "yí ọrùn" ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí. A pa fáwẹ̀lì "ọ" jẹ, ó di "yírùn". Lẹ́yìn náà ni a ṣe àpètúnpè kíkún fún un, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe nínú jagunjagun, panápaná àti gbọ́mọgbọ́mọ. Olùṣe ni gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí. Yírùnyírùn ni ohun tí ó máa ń yí ọrùn ènìyàn. Àwọn Hausa ń pè é ní sankarau. Orúkọ tiwọn náà, gígan ara ni ó ń sọ.

Àrùn náà

Awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó bo ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn. Bí kòkòrò àrùn bá dé ibẹ̀, awọ náà yóò wú, yóò sì máa dun ènìyàn. Ìdí nìyí tí ọrùn fi ń gan. Kòkòrò tí ó lè fà á pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a mọ̀ mọ àjàkálẹ̀ jù lọ ni Neisseria meningitidis, tí Anton Weichselbaum ṣàwárí ní ọdún 1887. Ẹ̀yà 12 ni ó ní. A, B, C, W, X àti Y ni ó ń yọ ayé lẹ́nu jù.

Ọ̀nà ọ̀fun àti imú ni kòkòrò yìí ń gbé. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé e kiri láìmọ̀. Itọ́, ikọ́ àti èémí àwọn tí ó sún mọ́ra pẹ́ ni ó fi ń ràn. Láàrin ọjọ́ 2 sí 10 lẹ́yìn tí ó bá wọ ara ni àrùn lè bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń jà

Ní ọdún 1963, dókítà ará Faransé kan, Léon Lapeyssonnie, ṣàpèjúwe ilẹ̀ tí àrùn yìí ti ń jà jù ní Áfíríkà. Ó lọ bí ìgbànú láti Senegal títí dé Ethiopia. Òkè Ọya wà nínú rẹ̀, Ifẹ̀ kò sí níbẹ̀. Eruku àti ọyẹ́ máa ń gbẹ imú àti ọ̀fun, wọ́n sì ń dá egbò síbẹ̀. Òtútù òru tún ń mú kí ènìyàn púpọ̀ há sínú yàrá kan. Bí òjò bá dé, àjàkálẹ̀ náà a rọlẹ̀.

Ní ọdún 1996, àrùn yìí mú ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa èyí tí ó lé ní 11,000. Ẹ̀yà A ni ó ṣe èyí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac dé Burkina Faso ní 2010, ó dé Nàìjíríà ní 2011, ẹ̀yà A sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ṣùgbọ́n a ti ilẹ̀kùn kan, òmíràn ṣí. Ẹ̀yà C bẹ̀rẹ̀ ní Zamfara ní December 2016. Nígbà tí yóò fi di June 2017, wọ́n ti ka 14,518 ènìyàn tí wọ́n fura pé ó mú. 1,166 nínú wọn kú. Ní April 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó lo abẹ́rẹ́ tuntun, Men5CV, tí ó ń dènà A, C, W, X àti Y pa pọ̀.

Kí ni ó kan àwa tí a wà ní Ifẹ̀? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò di àgùnbánirọ̀ ní Òkè Ọya láìpẹ́. Àwọn òbí wa ń lọ sí Mẹ́kà, níbi tí ẹ̀yà W ti jà láàrin àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ní 2000. Yàrá àwa akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú kò fẹ̀.

Ẹ má dúró de ọrùn

Níhìn-ín ni orúkọ náà ti lè tàn wá jẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mú ni ọrùn rẹ̀ ń gan. Ọrùn ọmọ ọwọ́ lè rọ̀. Kí ìyá wo bí àwújẹ̀ rẹ̀ bá wú, tí kò mu ọmú, tí ó ń ké ṣáá. Bí kòkòrò náà bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, àmì pupa tàbí dúdú lè yọ sí ara. Lára ènìyàn dúdú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú ni kí a wò. Ibà òjijì, orí fífọ́ kíkan, èébì, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dun ojú, àti ọ̀rọ̀ sísọ kátikàti, àmì ni gbogbo wọn.

Ìdènà

(a) Ẹni tí ó ń lọ sí ibi tí àrùn náà ti ń jà, kí ó gba abẹ́rẹ́ kí ó tó lọ.
(b) Ẹ ṣí fèrèsé yàrá, àní nígbà ọyẹ́. Ẹ má jọ lo ife, ṣíbí tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.
(d) Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ní wákàtí náà gan-an. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó mú lè kú. Oògùn apakòkòrò ń wò ó, bí ó bá tètè dé.
(e) Àwọn tí ó bá aláìsàn gbé, kí wọ́n fi ara hàn fún dókítà. Oògùn wà tí yóò dáàbò bò wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Àrùn ni à á wò, a kì í wo ikú. Bí a bá ń kọ́ ìró ohùn ní kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi a máa jókòó ní iwájú pátápátá, ní apá ọ̀tún, kí etí òsì rẹ̀ lè kọjú sí olùkọ́. Mo bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá dé ilé, ẹ bi àwọn àgbà ní orúkọ àrùn àti àmì tí wọ́n mọ̀ mọ́ wọn, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí a ń pè ní mọfọ́lọ́jì nínú ìwé, màmá fi gba ẹ̀mí là ní ìdúró kan. Ká ní a tètè rántí ìtumọ̀ orúkọ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni, bóyá etí méjèèjì ni ìbá kù.