Ilé Orí Òkè, Ilé Etí Odò: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Ra Ilé ní Ẹ̀yìn Odi Ìbàdàn

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó ń wá ilé tí yóò ti máa wo òkè, igbó tàbí adágún omi nílò irú ojú bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó wu ojú ló sábà máa ń bo ohun tó yẹ kí ojú rí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn. Orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè ni ìlú náà tẹ̀dó sí, odò Ọ̀nà, Ògùnpa àti Kúdẹtì sì ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Èkó wá sí Mọ́níyà, àwọn tó ń wá ilẹ̀ níhà ibẹ̀ ti pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ń pọ̀ ní Ológúnẹrú àti Ìdó.

Ohun tó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìran tó ń wò kò sí lára ohun tí wọ́n tà fún un. Ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ìran náà wà. Láti ọdún 1610, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Aldred's Case, ni àwọn adájọ́ England ti là á kalẹ̀ pé adùn ojú lásán ni ìran dáradára, ẹnikẹ́ni kò lè torí rẹ̀ pe aládùúgbò lẹ́jọ́. Òfin tí Nàìjíríà jogún nìyẹn. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ iwájú bá kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì lọ́la, ògiri ni ilé ẹ̀yìn yóò máa wò. Àdúgbò tó ń dàgbà ni èyí sì kàn jù, nítorí títì àti iná mànàmáná tí gbogbo ènìyàn ń retí ló ń mú pẹ́tẹ́ẹ̀sì wá. Òkè pàápàá lè lọ. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́ọ́nì gbogbo sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ìjọba náà ló sì ń fún àwọn tó ń fọ́ òkúta ní àṣẹ. Àpáta tó dára lójú ní òwúrọ̀ lè jẹ́ ibi tí ẹnìkan ti gba ìwé láti fi ohun abúgbàù fọ́.

Nítorí náà, kí olùrà tó fi owó kún iye ilé torí ìran, kí ó wádìí ẹni tó ni gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín fèrèsé rẹ̀ àti ohun tó ń wò. Bí agbára bá ká a, kí ó ra ilẹ̀ iwájú náà. Bó bá jẹ́ ẹni kan ṣoṣo ló ni ilé tó ń rà àti ilẹ̀ iwájú náà, kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ilé iwájú kò gbọdọ̀ ga ju báyìí lọ. Ìran tó tún ṣeé fọkàn tẹ̀ díẹ̀ ni èyí tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí kì í tètè ta ilẹ̀: igbó inú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, àti adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ti sé omi rẹ̀ láti 1942. Síbẹ̀, koríko ojú omi ti bo apá púpọ̀ nínú adágún náà rí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wá wo omi ń wo pápá.

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn tún rọ̀, afárá já, ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Lẹ́yìn èyí ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ náà ti ṣe ọ̀pọ̀ afárá àti ojú àgbàrá, àmọ́ kò sọ etí odò di orí òkè. Ẹni tó fẹ́ràn omi gbọ́dọ̀ lọ wo ibẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ ti mu òjò yó. Kí ó wo àmì omi lára ògiri àwọn ilé àtijọ́. Kí ó bi àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà bí omi ṣe ga tó ní 2011. Wọn kò ní ilé láti tà, òótọ́ ni wọn yóò sọ. Kí ó sì bi ọ́fíìsì ètò ìlú bí ó ti yẹ kí ilé jìnnà sí odò tó, nítorí ilé tó rọ̀ mọ́ odò ni ìjọba máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa sàmì sí.

Orí òkè kò ní omíyalé, ṣùgbọ́n omi ìlò gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn. Inú erùpẹ̀ tó bo àpáta náà àti inú ibi tó ti là ni omi ń fara pamọ́ sí, erùpẹ̀ orí òkè kì í sì í nípọn. Wọ́n lè gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ jìn kí wọ́n má rí nǹkan kan. Ó yẹ kí onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ náà wò kí owó tó jáde. Bí kò bá sí omi, ọkọ̀ tó ń gbé omi ni yóò máa gun òkè, ọ̀nà amọ̀ pupa kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ tó kún gòkè nígbà òjò. Àgbàrá tún máa ń jẹ ìdí ilé díẹ̀díẹ̀. Iye owó ògiri tí yóò di ilẹ̀ mú gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń ṣí òrùlé ibi gíga. Fèrèsé gíláàsì ńlá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn yóò sọ pálọ̀ di ààrò lọ́sàn-án. Nígbà ọyẹ́ sì rèé, kùrukùru lè bo gbogbo òkè náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Kí ilẹ̀ tó pa òṣìkà, ohun rere gbogbo á ti bàjẹ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù, ilé yóò sì máa wó lọ. Bí ilẹ̀ ẹbí bá ni, mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Títà tí mọ́gàjí kò sí níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Èyí tí òun nìkan dá tà, àwọn àgbà ẹbí lè ní kí ilé ẹjọ́ yí i dà. Kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ gbé àwòrán ilẹ̀ náà lọ yẹ̀ wò ní Sẹkitéríàtì Agodi, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbà á, pàápàá nítòsí ọ̀nà tó yí Ìbàdàn ká. Bí ilẹ̀ bá sì ti ní ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí gómínà fọwọ́ sí i kí ó tó di ti ẹlòmíràn. Owó ìyẹn kì í ṣe kékeré, ó sì yẹ kí olùrà àti olùtà ti fẹnu kò lórí ẹni tí yóò san án. Owó àsansílẹ̀ díẹ̀ ni kí olùrà fi lélẹ̀ títí èsì àyẹ̀wò yóò fi jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹlẹ́rìí ni kí ó san ìyókù, láti inú báńkì sí báńkì, kí ó sì gba rìsíìtì.