Ó Rọ́, Ó Yẹ̀, Ó Ṣẹ́: Èdè Ìtọ́jú Ojú-Ẹsẹ̀ Nínú Igbó

Olùkọ́ tó kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ wo oko kòkó ní Ìwàrà, olórí ọdẹ tó kó ọmọ ẹ̀yìn wọ igbó lóru, afinimọ̀nà tó ṣíwájú àlejò gun àpáta Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn kó dání lọ síbi tí mọ́tò kì í dé. Bí ẹnì kan bá fara pa níbẹ̀, ọwọ́ wọn ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, ẹnu wọn ni yóò sì ránṣẹ́ sójú títì. Ti ẹnu ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ ni wọn yóò fi mọ ohun tí wọn yóò gbé wá bá wa.

Orúkọ iṣẹ́ náà ńkọ́? "Ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́" tí ọ̀pọ̀ ń kọ yéni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ olówuuru ni. "Ìtọ́jú pàjáwìrì" dára, àmọ́ ó kan ti dókítà nílé ìwòsàn náà. Èyí tí a ń ṣe lórí ìdúró nínú igbó, "ìtọ́jú ojú-ẹsẹ̀" ló bá a mu jù létí tèmi.

Omi Olúmirin ní ìpele méje, òkúta ibẹ̀ sì máa ń yọ̀. Bí ẹnì kan bá yọ̀ ṣubú, wọn a ní "ẹsẹ̀ ń dùn ún". Ọ̀rọ̀ yẹn kò tó. Ṣé ó rọ́ ni, àbí ó yẹ̀, àbí ó ṣẹ́? Ẹsẹ̀ tó rọ́, iṣan ló fà: kí a fi aṣọ tútù lé e, kí a dì í, kí a gbé e sókè. Èyí tó yẹ̀, eegun ló kúrò ní oríkèé: kí ẹnikẹ́ni má fà á padà, bó ti wù kí ó gbójú tó nídìí eegun títò. Èyí tó ṣẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní "ó kán", eegun fúnra rẹ̀ ló dá: bí a bá ṣe bá a ni kí a fi igi àti aṣọ dè é, kí oríkèé tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ibẹ̀ má lè mì, kí ìdè náà má sì fún jù. Bí afinimọ̀nà bá ránṣẹ́ pé "ó rọ́" nígbà tó ṣẹ́, ọ̀kadà kan ni wọn yóò gbé wá. Bó bá ní "ó ṣẹ́", géńdé mẹ́rin àti pákó ni yóò gòkè wá.

Ejò kì í ta ènìyàn. Ejò a máa bu ni ṣán, àkeekèé àti oyin a máa ta ni, ajá a máa bu ni jẹ. Oró ni ejò sì ní, kì í ṣe májèlé. Ohun tí a jẹ tàbí tí a mu ni májèlé. Ṣùgbọ́n èyí tó gba àròjinlẹ̀ jù ni èèwọ̀ alẹ́. Àwọn àgbà wa kì í dárúkọ ejò lóru; "okùn" ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn àṣà yìí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí ọdẹ bá pe nọ́ọ̀sì ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà, láàárín òru pé "okùn bù ú ṣán", àkókò ti ń lọ kí nọ́ọ̀sì tó béèrè pé okùn wo. Kí ó là á mọ́lẹ̀: "Ejò ló bù ú ṣán lọ́rùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ní aago méjì òru." Bó bá rí i, kí ó sọ bóyá paramọ́lẹ̀ ni tàbí ṣèbé, bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó sọ àwọ̀ rẹ̀, kí ó má lé e kiri. Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Kí a má sín gbẹ́rẹ́ sójú ibi tí ejò bù ṣán, kí a má fẹnu fà á, kí a má so ó pinpin. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí a gbé e. Kí ó má rìn.

Ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lẹ́rù jù ni "ó ti kú!" tí èrò máa ń ké bí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀ tí kò dáhùn. "Ó dákú" ni kí a sọ, kí a sì fi èyí kún un: ó ń mí, tàbí kò mí. Àṣà wa láti máa pe orúkọ ẹni tó dákú sókè wúlò gan-an níhìn-ín, nítorí pípè é láti mọ̀ bóyá yóò dáhùn wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni. Bó bá ń mí, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a má bu omi sí i lẹ́nu. Bí kò bá mí, tàbí tó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pọ̀kàkà ikú, kí a fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlẹ̀, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí a má sì dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1960 gbé kalẹ̀, ń kọ́ ará ìlú ní ìtọ́jú yìí. Ìjẹ̀ṣà tó ń pe igbó ní "ugbó" kò ní láti pa èdè rẹ̀ tì kó tó lè kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yin olórí ọdẹ, ẹ̀yin afinimọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wọ́n wá kí ẹ tó tún kó ọmọ ọlọ́mọ wọ igbó. Ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yín, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó máa fi ránṣẹ́, títí yóò fi já gaara.