Ọ̀rọ̀-ìperí fún Iṣẹ́ Àwọn Alábòójútó Àlàáfíà Ẹranko ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí ìjọba amúnisìn rán àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó káàkiri agbolé láti yẹ ìkòkò omi wò nítorí tanwíjí, àwọn ará ìlú kò dúró de ọ̀mọ̀wé kankan kí wọ́n tó sọ wọ́n ní wolé-wolé. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu, ó sì wọ inú èdè. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ó ń rí i pé ìyà kò jẹ ajá, ológbò àti ẹṣin láàárín ìlú ńlá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí ní àdúgbò bí i Peckham, irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kan ilẹ̀kùn nígbàkigbà. Ọmọ ilé tàbí ògbufọ̀ ni yóò sọ fún ìyá àgbà ẹni tí ó dé. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ pè, ìyá àgbà náà yóò ṣi ọ̀rọ̀ dáhùn.

Inú òfin ni ó yẹ kí a ti wá ìtumọ̀. Òfin tí Richard Martin mú wá ní 1822 kò ju pé kí ẹnikẹ́ni má hùwà ìkà sí màlúù, ẹṣin, àgùntàn àti irú wọn. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1824, tí ó di RSPCA lẹ́yìn náà, rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sí ọjà màlúù Smithfield láti ṣọ́ irú ìkà bẹ́ẹ̀. Ojú kan náà ni abala 495 nínú Ìwé Òfin Ọ̀daràn ti Nàìjíríà fi wo ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn ₦50, tàbí méjèèjì, fún ẹni tí ó bá ṣe ẹranko níkà. Òfin 2006 ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lọ jù bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí ẹranko wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ibùgbé tí ó yẹ ẹ́, oúnjẹ tí ó yẹ ẹ́, àyè láti hùwà bí irú rẹ̀ ti ń hùwà, ẹgbẹ́ tàbí ìdágbé bí ó bá ti bá a lára mu, àti ààbò lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn. Ajá tí a kò nà rí, ṣùgbọ́n tí a so mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, ti di ọ̀ràn nìyẹn. ‘Ìdènà ìwà ìkà’ kò gbé ìtumọ̀ yìí tán mọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń du ipò rẹ̀. Àánú wà nínú ọkàn ènìyàn, kò sí adájọ́ tí ó lè wọ̀n ọ́n. Aláàánú mìíràn a sì máa bọ́ ajá rẹ̀ títí tí kò fi ní lè rìn. Ìtọ́jú jẹ́ ohun tí a ń ṣe, oníṣègùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Àlàáfíà nìkan ni ó sọ ipò tí ẹranko fúnra rẹ̀ wà. Pé láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wọlé kò bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá béèrè pé ‘Ṣé àlàáfíà ni?’, ara àti ìgbé ayé ẹni ni ó ń béèrè.

Ẹran kò ṣeé lò ní òun nìkan, nítorí ọkàn Yorùbá a máa sáré lọ sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹran ọ̀sìn sì fún jù: àwọn òṣìṣẹ́ RSPCA a máa yọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ìgboro nínú wàhálà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò sì ní olówó. Ẹranko ni ó gba gbogbo wọn.

Ta wá ni òṣìṣẹ́ náà? Wolé-wolé ẹranko dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa. Òṣìṣẹ́ RSPCA kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì ní àṣẹ láti wọ ilé onílé. Bí onílé bá kọ̀, àfi kí ó wá ọlọ́pàá, kí ìwé àṣẹ adájọ́ sì wà. Alábòójútó àlàáfíà ẹranko gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fún un ní agbára tí kò ní.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń mú ajá arìnkiri yàtọ̀ sí èyí. Òfin 1990 ni ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàn án. Àwọn kan ń pè é ní apajá, èyí tí ó burú jọjọ, nítorí ẹni tí ó gbọ́ apajá yóò fi ajá rẹ̀ pamọ́. Alábòójútó ajá ìgboro sàn jù. Ọjọ́ méje ni yóò fi dá ajá náà dúró de alájá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lè tà á, tàbí kí wọ́n fi í fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, tàbí kí wọ́n pa á lọ́nà tí ìrora rẹ̀ yóò fi kéré jù lọ. Wọn kò gbọdọ̀ fi í fún àwọn tí ń la ẹranko láàyè fún ìwádìí. Ikú àìnírora ni a dábàá fún irú pípa bẹ́ẹ̀, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára dídúńbú.

Ibi tí àṣìṣe ti léwu jù ni ìwé tí òṣìṣẹ́ tí a yàn lábẹ́ òfin 2006 lè fún alájá. Ó máa ń sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó, bí a ó ti ṣe é, àti iye ọjọ́ tí a fi sílẹ̀. A kì í pe alájá lẹ́jọ́ lórí ọ̀ràn náà kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ògbufọ̀ bá pe èyí ní ìwé ẹ̀sùn, ẹ̀rù yóò ba ìdílé, wọ́n á gbé ajá náà pamọ́ sí ilé ẹlòmíràn, ọjọ́ yóò pé láìsí àtúnṣe, ẹjọ́ yóò sì dé lóòótọ́. Láti 2021, irú ẹjọ́ ìwà ìkà tí ó wúwo jù lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ìwé àtúnṣe ni kí a máa pè é.