Ìrúbọ Kọ́ Ni Gbogbo Ikú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé Mọremí fi ẹ̀mí rẹ̀ rúbọ fún Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mọremí fi ẹ̀mí wewu ni. Ó jẹ́ kí àwọn Ugbò tó ń kọlu Ifẹ̀ kó òun lẹ́rú, kó lè mọ àṣírí ohun tí wọ́n ń gbé wọ̀ bí ará ọ̀run, ó sì padà délé láàyè. Ẹni tí a fi rúbọ ni Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí odò Ẹsinmìrìn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó lọ san ẹ̀jẹ́ tó ti jẹ́ fún odò náà.

Ẹni tó fi ẹ̀mí wewu lè bọ̀. Ẹni tó fi ẹ̀mí rúbọ ti lọ nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, tí èrò inú rẹ̀ kú, ẹ̀mí ṣòfò ni, ẹnikẹ́ni kò rúbọ níbẹ̀. (Ẹ̀yin oníròyìn wa, ẹ dákun.) Tó bá jẹ́ àfọwọ́fà awakọ̀ ni, a ní ó fi ẹ̀mí dí i.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù gan-an ni mo ń bá wí. Ìrúbọ ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́kún, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ewu lásán mọ́ wa lọ́wọ́. Nínú fíìmù Star Trek tó jáde ní 1982, Spock wọ yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú wọn tí ìtànṣán olóró kún, ó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí ọ̀nà sá àsálà. Gíláàsì ló wà láàárín òun àti Kirk ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń kú lọ. Ọwọ́ kò lè kan ọwọ́. Ní 1984, wọ́n jí i dìde. Mo lè fojú fo ìyẹn, nítorí Kirk pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó tún pàdánù ọkọ̀ náà, kí Spock tó padà. Ti 2013 ni kò ṣeé gbé mì. Kirk ló wọ yàrá lọ́tẹ̀ yìí, Spock ń sunkún lẹ́yìn gíláàsì. Kò pẹ́ kò jìnnà, nínú fíìmù kan náà, dókítà fa ẹ̀jẹ̀ Khan, ọ̀tá wọn, sí i lára, Kirk lajú. Ẹkún tí a sun ńkọ́?

Òótọ́ ni pé Samuel Johnson òpìtàn náà kọ ọ́ pé Olúorogbo náà jí, ó sì fi okùn gòkè. Ṣùgbọ́n ọ̀run ló gbà lọ, kò gba ilé ìyá rẹ̀. Mọremí ṣì wà láìlọ́mọ. Ìdí rèé tí àwọn ará Ifẹ̀ fi gbà láti máa jẹ́ ọmọ rẹ̀ títí ayé. Ká ní ọmọ náà wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ní ebi ń pa òun, gbèsè wo ni Ifẹ̀ ì bá tún jẹ?

Ẹnìkan lè ní ká pe Kirk ní àkúdàáyà. Rárá o. Àkúdàáyà kì í gbé ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìlú mìíràn ló ń lọ, ó lè fẹ́ aya níbẹ̀, ó lè máa tajà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án, ó di àwátì. Kirk padà sórí àga rẹ̀ nínú ọkọ̀, lójú gbogbo wọn. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe tọ́: Kirk fi ẹ̀mí wewu, ó sì yè bọ́.