Sàráà Tí Kì Í Dáwọ́ Dúró: Ilé Ìwòsàn Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí wọ́n bá ti dárúkọ sadaqatul-jāriyah, mọ́sálááṣí àti kànga ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńkọ́?

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ohun mẹ́ta ni kì í bá ikú dópin: sàráà tí ń ṣiṣẹ́ lọ, ìmọ̀ tó wúlò, àti ọmọ rere tí ń ṣe àdúà fún òbí rẹ̀. Bí ẹbí kan bá ń ran ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà lọ́wọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pé síbẹ̀.

Ìtàn sọ pé kí Al-Mansur Qalawun tó jọba, ó ṣàìsàn ní Damásíkù, ilé ìwòsàn tí Nuruddin kọ́ ni ó sì ti gbádùn. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá jọba, òun náà yóò kọ́ irú rẹ̀. Ó mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ ní Káírò ní 1284. Kò kọ́ ilé lásán; ó ṣe wakf, ó ya dúkìá tí ń mówó wọlé sọ́tọ̀ fún oògùn, oúnjẹ àti owó oṣù àwọn oníṣègùn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Nígbà tí Ibn al-Nafis, gbajúmọ̀ oníṣègùn, kú ní 1288, ó fi ilé àti àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí: ẹ̀rọ tí a fi tọrẹ láìsí owó àtúnṣe, ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni oore náà dúró.

Ní àríwá Èkìtì níhìn-ín, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì di Teaching Hospital ní 2014. Kò jìnnà sí ará Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Bí òbí wa bá kú, a máa ń pa màlúù, a máa ń dá aṣọ ẹbí fún fìdáù. Bí àwọn ọmọ bá dá ìdajì owó náà jọ, tí wọ́n fi ṣe wakf lórúkọ olóògbé, tí èrè rẹ̀ ń san owó oògùn aláìní lọ́dọọdún, èwo ni yóò bá a dé sàréè?

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ọmọ rere. Āmīn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ó yàtọ̀ láàárín ọrẹ lásán àti wakf?
2. Kí ni ẹbí tiwa lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí?