Kí Ẹ Tó Gun Òkè Àdó

Ẹ tètè jí. Òkúta Àdó-Awáyé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gùn lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Láti Ìbàdàn, ẹ gba Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn; láti ibẹ̀ sí Àdó-Awáyé kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ. Ẹ gbé omi mímu dání, kí ẹ sì wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ẹ sún ìrìn náà síwájú, nítorí òkúta tútù kì í mọ àlejò.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ wá ọmọ ìlú tí yóò mú yín gòkè, kí ẹ ti dúnàá-dúrà kí ẹ tó gbéra. Àtẹ̀gùn 369 ló wà níbẹ̀, ọ̀nà sì hàn kedere, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má dá lọ. Ẹnu àwọn ọmọ Àdó ni ìtàn òkè náà wà. Orí rẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má sáré kọjá Ìṣàgè. Òkúta ńlá ni, ó nàró ṣánṣán, ìdí rẹ̀ sì kéré débi pé àyà á já yín. Wọ́n ní bí òjò bá kọ̀ láyé àtijọ́, aṣọ funfun ni wọ́n ń ró fún un, òjò á sì dé. Ní agbègbè Òkè-Ògùn yìí, níbi tí àgbẹ̀ ń wojú òjò lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ọ̀nà tóóró kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí afinimọ̀nà ṣíwájú, kí ẹ gbé fóònù sápò, kí ẹ wo ibi tí ẹ ń tẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ìyákẹ́, adágún omi orí òkè. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, pé ẹni tó bá ní òun yóò wọ̀n ọ́n kò ní bọ̀. Àwọn tó ń wá ọmọ máa ń tọ omi náà wá. Nítorí náà, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀, ẹ má ju ọ̀rá pío-wọ́tà sí i.

Bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú, ẹ béèrè ọ̀nà Òṣóògùn ní Ìṣẹ́yìn. Òṣóògùn ni wọ́n ti kó Ajayi Crowther, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù nígbà tó yá, lẹ́rú ní 1821, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú un wá.