Ara Páìpù Àtijọ́ Ni Iṣẹ́ Wà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ omi ní Ẹdẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìrídọ̀mù, iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ yín ń fojú kéré: pípààrọ̀ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Ẹ rò pé ẹ̀rọ tuntun tó ń dán nínú páálí ni iṣẹ́. Rárá o. Páìpù àtijọ́ tó wà nínú ògiri ni iṣẹ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n mú ni ọ̀gá.

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílùú yìí ló jẹ́ pé páìpù irin ni wọ́n fi fa omi odò Erinlẹ̀ wọlé nígbà tí omi ìjọba ń yọ dáadáa. Lónìí, omi kànga àti bóhòólù tí wọ́n fà sínú táǹkì ni ọ̀pọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n páìpù irin yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó sì ti dógùn-ún.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ bi ìyá onílé léèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń kán lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í, ó lè jẹ́ wáṣà nìkan ló jẹ. Ẹ pààrọ̀ wáṣà, kí ẹ gba owó iṣẹ́ yín. Ẹ má ṣe ta ẹ̀rọ fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń kán sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: bó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, omi tó máa ṣòfò lóòjọ́ tó nǹkan bíi lítà 20.

Bó bá wá jẹ́ pípààrọ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n pọn omi sílẹ̀, kí ẹ ti fáàfù abẹ́ táǹkì, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ kí omi inú páìpù dà tán. Lẹ́yìn náà, ẹ mú sípánà méjì. Mo tún un sọ, méjì. Ọ̀kan á di élíbò ẹnu ògiri mú ṣinṣin, èkejì á máa tú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan tú u, gbogbo agbára apá yín á wọnú ògiri lọ, páìpù á sì ṣẹ́ níbi tí ojú ò tó. Ògiri àti táìsì ni ẹ ó fọ́ kí ẹ tó rí i tún ṣe. Bí kò bá gbọ̀, ẹ rọ epo sí i, ẹ fún un láyè, ẹ fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ dì í mọ́ díẹ̀ kí ẹ tó tú u. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.

Bó bá ti jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ tírẹ́ẹ̀dì inú élíbò. Ẹ gbé garawa síbẹ̀, kí ẹnìkan ṣí fáàfù. Omi pupa tó ru ìpẹtà ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kó dà títí á fi mọ́, kí ẹ wá tún ti fáàfù. Ìpẹtà yẹn ló ń ha inú ẹ̀rọ tuntun tó fi ń tètè jò.

Ẹ dojú kọ ẹnu tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ tuntun, kí ẹ wé téèpù sí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí ẹ bá wé e lódì, bí ẹ ṣe ń dì í ni téèpù á máa tú. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé. Bó bá ń le látìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọ́ nìyẹn, ẹ tú u kí ẹ tún un gbé. Bí ẹ bá dì í tán tí ẹnu rẹ̀ ò kọjú sísàlẹ̀, ẹ má dá a padà sẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ló máa gbà jò. Ẹ tú u pátá, kí ẹ wé téèpù tuntun.

Bó bá di pé ẹ ń so rọ́bà mọ́ irin, ẹ jẹ́ kí rọ́bà jẹ́ akọ, kí irin jẹ́ abo. Akọ irin máa ń la abo rọ́bà. Ibi tí ẹ bá ti fi gọ́ọ̀mù so rọ́bà mọ́ rọ́bà, ẹ nu ún mọ́ kó gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì, kí ẹ sì dì í mú fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ó dára kó di ọjọ́ kejì kí omi tó gba ibẹ̀.

Ẹ tún máa wo agbára omi tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ olówó ńlá kí oníbàárà tó sanwó. Táǹkì tó fi mítà 3 ga ju ẹ̀rọ lọ kò lágbára ju 0.3 bar lọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ náà nílò 1 bar, omi tín-ín-rín ló máa yọ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣí omi tán, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo ojú ibi tí ẹ so, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún fi òmíràn kàn án. Bó bá tutù, iṣẹ́ ò tíì parí. Bí páìpù inú ògiri bá sì ti jẹ tán, ẹ sọ ọ́ fún ìyá onílé láìfi bò. Kí ẹ tó kúrò, ẹ mú wọn dé ibi fáàfù, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tì í, kí wọ́n sì ṣí i. Bí páìpù bá bẹ́ lóru, wọ́n á lè dá omi dúró kí ẹ tó dé.